Ṣé olè ni Oral Roberts? Ìdáhùn fún ẹni tí màmá rẹ̀ ń gbin "irúgbìn ìgbàgbọ́"

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń yọ nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn lóṣooṣù fún oníwàásù kan tí wọ́n ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní irúgbìn ìgbàgbọ́ ni àwọn ń gbìn, pé Oral Roberts, oníwàásù ará Amẹ́ríkà, ni Ọlọ́run fi ẹ̀kọ́ náà hàn. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí wọ́n jáwọ́. Ó ní olè ni Oral Roberts, pé òun ló sọ nígbà kan pé tí àwọn èèyàn ò bá dá mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là, Ọlọ́run máa pa òun, ó sì kó owó náà jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Ta ló gbọ́ òótọ́ nínú àwọn méjèèjì?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Kí n tó dé orí owó màmá yín, ẹ jẹ́ ká tú ẹrù tí àbúrò yín gbé wá, torí ìtàn ọkùnrin méjì ló dì pọ̀ síbẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1987, nígbà tí ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù mẹ́jọ Oral Roberts ń jà ràn-ìn, ni Jim Bakker, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n mìíràn, fi ipò sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Bakker ló ń ta ipò alábàáṣepọ̀ títí ayé ní 1,000 dọ́là, pé ẹni tó bá san án á máa sun òru mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún ní Heritage USA, ibùdó ìgbafẹ́ àwọn Kristẹni tó kọ́ sí South Carolina. Iye èèyàn tó gba owó lọ́wọ́ wọn ju iye tí yàrá ibẹ̀ lè gbà lọ fíìfíì. Ní 1989, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 24 tó jẹ mọ́ jìbìtì, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 45. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí iye ọdún yẹn padà ní 1991, ó sì jáde ní 1994. Oral Roberts ò dé irú ibẹ̀ yẹn rí, kò sí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi olè. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé ẹ̀wù Bakker ló gbé wọ Roberts.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù mẹ́jọ náà kì í ṣe irọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, Roberts jókòó síwájú kámẹ́rà, ó ní láti oṣù kẹta ọdún 1986 ni Ọlọ́run ti fún òun ní ọdún kan láti fi kó mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là jọ, pé tí kò bá pé, Ọlọ́run á pe òun wálé. Ọ̀rọ̀ tó lò nìyẹn: pípè wálé. Yorùbá tó bá ti ka ìwé ìkéde òkú rí mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwọn akọ̀ròyìn ló sọ ọ́ di "Ọlọ́run á pa mí", wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Kò wá tipa bẹ́ẹ̀ di ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn sọ o. Ẹni tó jókòó sílé tó ń wò ó, tó fẹ́ràn rẹ̀ bíi bàbá, á máa rò ó pé tí òun ò bá fi 20 dọ́là ránṣẹ́, ikú rẹ̀ wà lọ́rùn òun. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan gan-an kọ̀ láti gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́. Owó náà pé, ó tilẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dín díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn 1.3 mílíọ̀nù, wá láti ọwọ́ Jerry Collins, ọlọ́jà tẹ́tẹ́ eré ajá ní Florida. Ẹ ò ní ṣàì rẹ́rìn-ín.

Ibo lowó náà lọ? Ohun tó kéde ni pé àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní yunifásítì òun ni wọ́n á fi san owó ilé ìwé fún, kí wọ́n lè lọ ṣiṣẹ́ ìwòsàn fún àwọn tálákà lókè òkun láìru gbèsè. Ìyẹn kì í ṣe owó mọ́tò tàbí ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, àpò ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ti gbẹ, wọ́n sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn á dá owó tó ti jẹ padà pẹ̀lú èlé 18 nínú 100 lọ́dún. Tí èèyàn bá fẹ́ bá Roberts wí, ibẹ̀ ni kó ti bá a wí, kì í ṣe pé ó kó owó sápò. Ó kó owó jọ fún ohun rere, iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ sì tóbi débi pé kò sí owó tó lè kún un.

Ká tó lóye bó ṣe débẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Wọ́n bí Granville Oral Roberts ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1918, ní abúlé kan nítòsí Ada, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma. Òtòṣì oníwàásù ìjọ Pentecostal Holiness ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀ Cherokee, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Akólòlò ni ọmọ náà. Ní 1935, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, ó ṣubú lulẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ikọ́ fée ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Elmer gbé e lọ sínú àgọ́ ìsọjí kan ní Ada, oníwàásù kan tó ń jẹ́ George Moncey gbàdúrà fún un, ohun tó sì sọ títí tó fi kú ni pé ibẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró àti ahọ́n òun ti bọ́. Òun náà di oníwàásù, ó ń ṣe pásítọ̀ ìjọ kékeré ní Enid títí di 1947, nígbà tó ka ẹsẹ kejì Jòhánù kẹta: "Olùfẹ́, èmi ń gbàdúrà pé nínú ohun gbogbo kí ó máa dára fún ọ, kí o sì máa wà ní ìlera." Inú ìjọ tí wọ́n ti ń kọ́ni pé òṣì ni àmì ìwà mímọ́ ló ti dàgbà, nítorí náà ẹsẹ yẹn dà bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn túbú. Ọdún yẹn kan náà ló kó lọ sí ìlú Tulsa ní Oklahoma, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn, ní 1948 ó ra àgọ́ kan. Kò pẹ́ tí àgọ́ rẹ̀ fi ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan.

Ìwòsàn nípa àdúrà nínú ọ̀pọ̀ èrò kò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní Tulsa, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá. Ní 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì (steamroller) tẹ́lẹ̀, ti ń ṣe é ní Òkè-Oòyè nílùú Iléṣà, láìsí tẹlifíṣọ̀n, láìsí àpò ìwé ìdáwó. Ohun tí Roberts mú wọ̀ ọ́ ni kámẹ́rà. Ní 1954 ó gbìyànjú ètò tí wọ́n ń ṣe nínú sitúdíò, kò múná. Ní 1955 ni wọ́n gbé kámẹ́rà wọ inú àgọ́ gan-an, ara gbogbo Amẹ́ríkà sì bù máṣọ. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó sórí àga lórí pèpéle, kóòtù ti bọ́ lára rẹ̀, àwọn aláìsàn á tò kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí tàbí ibi tó ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà á kọjú sí kámẹ́rà, á ní kí ẹni tó wà nílé gbé ọwọ́ lé tẹlifíṣọ̀n, kó fi í ṣe ojú ibi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti máa fara kan Ọlọ́run. Tí ẹ bá rí màmá yín tí wọ́n gbé ọwọ́ lé ojú tẹlifíṣọ̀n ní agogo márùn-ún àárọ̀, ibi tó ti wá nìyẹn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ owó ti wọlé, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ níbẹ̀, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé owó orí afẹ́fẹ́ ló yí ìwàásù padà. Láyé ìgbà yẹn, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ṣe ohun tó ṣe ará ìlú láǹfààní kí wọ́n tó lè tún ìwé àṣẹ wọn ṣe. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á fún àwọn ìjọ ńláńlá ní wákàtí kan lọ́jọ́ Sunday lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn Pentecostal kì í sábà rí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ gbà, wọ́n ní láti ra àkókò tiwọn. Ní 1960, àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́ níbẹ̀, FCC, sọ pé ètò ìsìn tí wọ́n sanwó rẹ̀ náà lè wà lára ohun tó ṣe ará ìlú láǹfààní. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: ta ló tún máa fún ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó lè tà á? Àwọn ìjọ tó ń gba ọ̀fẹ́ pòórá díẹ̀díẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, àwọn tó ti mọ bí a ṣe ń tọrọ owó ló kù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tọrọ, kódà kó jẹ́ ẹni mímọ́ jù lọ, ètò rẹ̀ á kú láàárín oṣù díẹ̀, torí owó ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n fi ń san ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí ó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ètò orí tẹlifíṣọ̀n kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè owó, ohun tó ń béèrè ni lẹ́tà. Wọ́n á ní kí ẹ kọ ìṣòro yín ránṣẹ́, tàbí kí ẹ gba ìwé kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 1958, Roberts tún ní àwọn tó ń dáhùn tẹlifóònù tọ̀sán tòru láti gbàdúrà fún ẹni tó bá pè. Bí orúkọ àti àdírẹ́sì yín bá ti dé Tulsa, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́tà tó dárúkọ yín á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé lóṣooṣù. Lókè lẹ́tà náà ìtùnú ni, láàárín rẹ̀ ìtàn ẹni tó rí ìyanu, nísàlẹ̀ rẹ̀ iṣẹ́ tó nílò owó kíákíá, nínú rẹ̀ àpò ìwé tí wọ́n ti tẹ àdírẹ́sì sí lára, tí ó ní àyè fún àdúrà àti àyè fún owó. Ẹni tó bá dáhùn kíákíá á gba lẹ́tà púpọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn to iṣẹ́ náà. Lónìí, tẹ́ẹ̀sì orí fóònù àti WhatsApp ló rọ́pò lẹ́tà, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà. Ẹ yẹ fóònù màmá yín wò.

Inú ẹ̀rọ yìí ni irúgbìn ìgbàgbọ́ ti hù jáde. Ní 1954, nígbà tí owó tẹlifíṣọ̀n ń dí i lọ́wọ́, Roberts gbé ohun kan kalẹ̀ tó pè ní májẹ̀mú ìbùkún. Ẹni tó bá fi 100 dọ́là sílẹ̀, òun á gbàdúrà kí owó náà padà sọ́wọ́ rẹ̀ láti ibi tí kò fojú sí láàárín ọdún kan, bí kò bá padà, kó kọ̀wé wá, òun á dá a padà fún un. Ẹ kíyè sí i: ó ní ìdánilójú, ẹni tí kò bá rí ère lè gba owó rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1970, ó ti yí i padà sí irúgbìn ìgbàgbọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó rọrùn láti há sórí: Ọlọ́run ni orísun rẹ, kọ́kọ́ fúnni, kí o sì máa retí ìyanu. Lúùkù 6:38 ló fi gbé e dúró, "Ẹ fi fún ni, a ó sì fi fún yín". Ó fi ìyàtọ̀ sí ìdámẹ́wàá: lójú tirẹ̀, ẹ̀yìn ìkórè ni àwọn ará àtijọ́ máa ń san ìdámẹ́wàá, irúgbìn ní tirẹ̀ ṣáájú ìkórè. Àdéhùn pé a ó dá owó padà ti kúrò nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ìkórè kò bá dé, kò sẹ́ni tó máa bi oníwàásù, ìgbàgbọ́ ẹni tó gbìn ni wọ́n máa wò. Ìyípadà kékeré yìí ni mo rò pé ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ gbé kárí ayé.

Kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún un. Lọ́rọ̀ ara rẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ni irúgbìn. Ó ní àkókò, ẹ̀rín músẹ́, àánú fún aládùúgbò, gbogbo rẹ̀ ni irúgbìn, ó sì sọ fún àwọn èèyàn láti máa lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe oògùn ní àìnígbàgbọ́. Ó kọ́ yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sí Tulsa, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1963, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé ní 1965, Billy Graham, oníwàásù tó lókìkí nígbà náà, ló wá yà á sí mímọ́ ní 1967. Ó wà níbẹ̀ dòní.

Ohun tó fọ́ ọ ni ọsípítù. Ní oṣù kejì ọdún 1977, ọmọbìnrin rẹ̀ Rebecca àti ọkọ rẹ̀ kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfúrufú. Lọ́dún náà ló kéde City of Faith, níbi tí àdúrà àti oògùn á ti jọ máa ṣiṣẹ́: ilé mẹ́ta, ọ̀kan alájà 60 fún àwọn dókítà, ọ̀kan alájà 30 fún bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan alájà 20 fún ìwádìí, bẹ́ẹ̀dì 777 lápapọ̀. Àwọn ọsípítù tó ti wà ní Tulsa ní bẹ́ẹ̀dì ìlú náà ti pọ̀ jù, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó borí. Ní 1980 ló ní òun rí Jésù tó ga ní 900 ẹsẹ̀ bàtà, tó gbé ilé náà sókè lọ́wọ́ láti fi hàn pé yóò parí. Ó parí lóòótọ́, wọ́n ṣí i ní 1981, bẹ́ẹ̀dì 294 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn gan-an kò sì kún. Ìrètí rẹ̀ ni pé àwọn alábàáṣepọ̀ á máa wọkọ̀ òfúrufú wá láti gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹ rò ó wò: ọmọ wo ló máa gbé ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lọ sí ìrìn wákàtí mẹ́ta lójú òfúrufú, níbi tí kò ti sí ẹni tó máa gbé ọbẹ̀ wá fún un? Dókítà ìlú rẹ̀ ló ń darí aláìsàn, kì í ṣe oníwàásù. Àjà tó ṣófo náà ń jẹ iná, ó ń jẹ owó ìtọ́jú. Owó tó ń bá lẹ́tà wọlé ni wọ́n fi ń bọ́ ọ lóṣooṣù. Nígbà tí ìtìjú Bakker tún bá gbogbo àwọn oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ní 1987, lẹ́tà já. Ní 1989 wọ́n ti City of Faith pa, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà. Ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú ilé náà lónìí. Ọwọ́ méjì onídẹ tó ń gbàdúrà, tó ga ní 60 ẹsẹ̀ bàtà, tó dúró níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti di ohun tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì.

Yunifásítì gan-an fẹ́ẹ̀ bá a lọ. Richard ọmọ rẹ̀ gba ipò ààrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1993, ó kọ̀wé fi sílẹ̀ ní 2007 lẹ́yìn tí àwọn mẹ́ta tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n ní ìdílé ààrẹ ń náwó ilé ìwé bó ṣe wù wọ́n. Richard sẹ́. Gbèsè ọrùn ilé ìwé náà ti lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Ìdílé oníṣòwò kan, àwọn Green tó ni àwọn ilé ìtajà Hobby Lobby, ló fi mílíọ̀nù 70 yọ ọ́, ohun tí wọ́n sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n yí ọ̀nà ìṣàkóso padà, kí ìdílé kan má bàa dá ṣe é mọ́. Oral Roberts kú ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 91.

Bóyá Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀ ní 1986, tàbí bóyá ó rí Jésù ní 1980, ìyẹn kọjá ohun tí ìwé ìṣirò lè dáhùn, n ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó dá mi lójú ni pé kò jọ pé ó kó owó jẹ, pé ó gba ohun tó ń sọ gbọ́, àti pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dá owó padà fún àwọn tó fi ránṣẹ́. Nítorí náà, màmá yín àti àbúrò yín, apá kan òótọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku ọ̀dọ̀ oníwàásù tiyín, torí òun kì í ṣe Roberts. Ẹ má fi òfin bá màmá yín jà. Ọrẹ wọn ni, àgbàlagbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́tọ̀ọ́ sí inú dídùn tirẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé, kí ẹ jọ kọ ohun tí kò ṣeé yẹ̀ sórí bébà: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bí wọ́n bá ń lò ó, oúnjẹ, gáàsì, iná, owó mọ́tò lọ sí ọsípítù, àti díẹ̀ fún àìròtẹ́lẹ̀. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lè fi ṣe ọrẹ bí wọ́n ṣe fẹ́. Bó bá jẹ́ pé oògùn ni wọ́n ń dín kù kí irúgbìn lè pé, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Roberts fúnra rẹ̀ kò kọ́ni bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí owó ń wọ̀ wò. Bó bá jẹ́ orúkọ èèyàn kan ni, kì í ṣe orúkọ iṣẹ́ ìránṣẹ́, ẹ dúró. Ìjọ tàbí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àjọ onígbìmọ̀ olùtọ́jú (incorporated trustees) máa ń wà nínú ìwé CAC, ìyẹn Corporate Affairs Commission, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ lè wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè àwọn tó jẹ́ olùtọ́jú rẹ̀. Ọkọ, ìyàwó àti àbúrò ìyàwó kì í ṣe ìgbìmọ̀ tó lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti ń náwó jù. Ẹ fi lẹ́tà kékeré kan béèrè lọ́wọ́ wọn pé owó iṣẹ́ kan báyìí, bóyá ti ilé tàbí ti tẹlifíṣọ̀n, mélòó ló wọlé lọ́dún tó kọjá, mélòó ló jáde. Ẹni tó bá fèsì pẹ̀lú iye, ẹ lè fún un. Ẹni tó bá fèsì pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì nìkan, ìyẹn náà ti dáhùn. Tí wọ́n bá ń fi ìyanu ìwòsàn gba owó lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ rántí pé láti 2004 ni NBC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, ti ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà má gbé ìyanu tí wọn kò lè fi ẹ̀rí múlẹ̀ sáfẹ́fẹ́.

Tó bá jẹ́ báǹkì ló ń yọ owó náà fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kì í tán nípa pípa tẹlifíṣọ̀n tàbí pípa nọ́ńbà rẹ́ lórí fóònù. Màmá yín fúnra wọn ló máa lọ sí ẹ̀ka báǹkì náà pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀, kí wọ́n kọ̀wé pé àwọn fa àṣẹ yíyọ owó náà padà, kí báǹkì sì tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí wọ́n máa mú lọ sílé. Ẹ wo àlẹ́ẹ̀tì oṣù tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó gbà pé ó ti dúró.